Kànga Sàárà Alhaji Zubair

Ọmọ yẹn kọ́kọ́ kí mi dáadáa ni. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lé e lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ mi ń mọ búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́, yanrìn àti sìmẹ́ǹtì wà káàkiri ilẹ̀, ibẹ̀ náà ló kúnlẹ̀ sí pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì dúdú tó wọ̀, ó ní, "Ẹ káàsán mà, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á bù sí i." Mo wò ó tìyanu-tìyanu. Ọmọ tó ti kàwé débi tó ń gbé kọ̀ǹpútà kọ́ èjìká kiri, tó sì tún mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, ẹ bá mi wá irú rẹ̀ ní Ìbafò yìí. Títí di òní, tí mo bá rántí pé díẹ̀ ló kù kí n má gbà á láyè, màá ní Alhamdulillahi.

Ó ní Dáraolúwa ni orúkọ òun, ọmọ Ìfọ̀ ni òun, òun sì ń kàwé dókítà. Mo ní ṣé dókítà aboyún ni àbí ti eyín. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní dókítà ìwé ni, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Ó ní ohun tí òun ń wò ni bí a ṣe ń kọ́lé mọ́ ara wa láti Ìbafò dé Mowé, bí a ṣe ń pín ilẹ̀, ibi tí à ń gbẹ́ kànga sí, ibi tí à ń gbẹ́ kòtò ìgbẹ́ sí, àti irú àìsàn tí ìyẹn lè kó bá wa. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan lókè òkun ló ń sanwó ìwé rẹ̀, àwọn náà ló ń sanwó iṣẹ́ tó ń ṣe kiri. Mo ní ó dáa. Mo ní àwa ò lówó òyìnbó, ṣùgbọ́n a lómi, kó lọ bù ú mu kí oòrùn má pa á.

Ó dé ìdí kànga, ó fa omi, kò mu ún. Ìgò kékeré kan ló yọ nínú báàgì, ó rọ omi sínú rẹ̀, ó dé e pa, ó ní òun máa gbé e lọ. Mo rò pé ó ń tọ́jú rẹ̀ de òùngbẹ ọ̀nà ni. Mo ní kó tún rọ òmíràn kún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú kànga tó jẹ́, kí ẹ lè mọ ohun tó ká mi lára. Ọkọ mi, Alhaji Zubair Lásúnkànmí, awakọ̀ tírélà ló jẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ìbafò yìí la jọ dàgbà sí, nígbà tí ibi tí ilé wà báyìí ṣì jẹ́ oko. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Èmi ni mo máa ń pariwo, òun á dúró, á máa wò mí, tí mo bá pariwo tán á bi mí pé kí ni a fẹ́ jẹ. Nígbà tí Ọlọ́run gbà á, tí a ṣe fìdáù rẹ̀ tán, mo sọ fún àwọn ọmọ pé mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún pa màlúù kankan. Mo ní kànga ni mo máa gbẹ́ fún bàbá yín. Iwájú ilé ni mo gbẹ́ ẹ sí, ní ìta fẹ́ǹsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì gan-an, kí ẹni tó bá fẹ́ omi má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ sára rẹ̀ pé sàárà ni fún Alhaji Zubair. Gbogbo àdúgbò ń pọn ún, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, ọlọ́kadà, ẹni tó ń kọjá lọ sí ẹ̀spírẹ́ẹ̀sì.

Àwa tí a jẹ́ Mùsùlùmí mọ̀ pé omi tó bá kọjá ní ọ̀nà ọ̀fun ènìyàn láti inú irú kànga bẹ́ẹ̀, láádá rẹ̀ ń lọ bá ẹni tí a gbẹ́ ẹ fún ní ibi tó wà. Nítorí náà, tí mo bá kírun àsùbáà tán, tí mo gbọ́ ìró korobá níta, inú mi á dùn. Màá dùbúlẹ̀ padà, màá ní, "Zubair, o ti ń rí tìẹ gbà nìyẹn." Opó ni mí o, ṣùgbọ́n mo ní ohun tí mo ṣì ń ṣe fún ọkọ mi lójoojúmọ́. Kì í ṣe gbogbo opó ló rí ìyẹn.

Kò pẹ́ tí Dáraolúwa fi padà wá. Ó dúró kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ tán kó tó bá mi sọ̀rọ̀, mo sì ti fura pé ọ̀rọ̀ náà ò ní í dùn. Ó ní, "Alhaja, ẹ má bínú sí mi. Omi yìí ò dáa fún mímu. A rí kòkòrò inú ìgbẹ́ nínú rẹ̀, ó sì pọ̀."

Mo ní, "Ìgbẹ́ ta ni?"

Ó ní, "Èyí tí mi ò tíì lè sọ nìyẹn mà. Ìgbẹ́ ènìyàn ṣáà ni."

Inú bí mi. Mo ní kànga tí mo fi ń ṣàánú ni ó wá ń pè ní ṣàlángá. Mo ní láti ọjọ́ tí mo ti gbẹ́ ẹ, ta ló kú? Ó ní òun ò sọ pé ẹnì kan kú. Mo ní kí ló wá fẹ́ kí n ṣe? Ó ní kí àwọn ènìyàn má mu ún mọ́ ná. Mo ní ó dáa, kí wọ́n máa mu kí ni? Ṣé àwọn òyìnbó tó ń sanwó ìwé rẹ̀ máa gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa? Ó tẹ orí ba, ó ní rárá, owó tí wọ́n fún òun, ti àyẹ̀wò nìkan ni. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Ẹ wo nǹkan. Owó wà láti fi sọ fún mi pé omi mi ò dáa. Owó ò sí láti fi fún mi ní èyí tó dáa. Gbéra ńlẹ̀ kí o máa lọ, wolé-wolé."

Àwọn wolé-wolé ìgbà kan, ẹ rántí wọn, àwọn tó máa ń wọ ilé onílé láti yẹ ìkòkò omi àti ilé ìgbẹ́ wò. Orúkọ tí mo sọ ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn. Ó dìde, ó gbọn yanrìn nù lórúnkún, ó ní, "Ẹ ṣé mà, òótọ́ lẹ sọ lórí owó yẹn." Ó sì lọ. Ó dùn mí pé kò bá mi jà.

Ṣùgbọ́n kò kúrò ládùúgbò. Èmi tí mo lé e ni mo ń rí i lójoojúmọ́ tó ń fi téèpù wọn ilẹ̀ láti ilé kan sí èkejì, tó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyálọ́mọ, tó ń ya ilé wa sórí pépà. Tó bá kọjá lọ́dọ̀ mi, á kí mi. Màá fi imú dáhùn.

Ikram, ọmọ mi obìnrin, ń gbé lọ́dọ̀ mi nígbà náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, Mùízz, torí Èkó ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Mùízz yìí, ara rẹ̀ kì í yá. Tí kò bá ya ìgbẹ́ gbuuru lónìí, ara rẹ̀ á gbóná lọ́la. A ti gbé e lọ sí ọsibítù títí, wọ́n á ní taifọ́ọ̀dù ni, wọ́n á fún wa lóògùn, á dáa, á tún padà. Èmi ní eyín ló ń hù. Nígbà tí eyín hù tán, mo ní ojú ayé ni. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń rí i pé ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, ó ń sáré lu búlọ́ọ̀kù mi fọ́. Mo ní àdúà àsálátù wa ti gbà.

Níjọ́ kan mo wọ yàrá Ikram lọ mú ìborùn mi tó yá. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti rí àpò píọ́ wọtà, ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọ̀kan wà ní dídì. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó wọlé, mo nawọ́ sí i, mo ní, "Ta ló ń mu eléyìí nínú ilé tó ní kànga?"

Ikram kúnlẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ má bínú. Àǹtí Dára ló sọ fún mi. Látìgbà tí mo ti ń fún Mùízz ní píọ́ wọtà, ṣé ẹ tún gbọ́ ọsibítù?"

Mo ní, "Omi bàbá rẹ lo kọ̀."

Ó wò mí lójú, ohun tí kì í sábà ṣe. Ó ní, "Màámi, bàbá mi kọ́ ló wà nínú kànga yẹn."

Mo dìde, mo jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló sọ ọ́, mi ò bá bú u títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n ọmọ tí Zubair fẹ́ràn jù nìyí, òun ló ń gbé kọ́rùn tó bá ti tírélà dé. Tí òun bá ń sá fún omi náà, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ọmọ ilé-ìwé kan láti Ìfọ̀. Mo ní kí Ikram pe wolé-wolé rẹ̀ wá fún mi.

Dáraolúwa dé, mo ní, "Ìwé tí wọ́n tẹ̀ láti ibi àyẹ̀wò ò kàn mí. Ojú mi ni mo fẹ́ kó rí i. Tí ìgbẹ́ bá wà níbẹ̀, fi ọ̀nà tó ń gbà wọlé hàn mí."

Ó ní ó ṣeé ṣe. Ó ní àwọn kan wà tí wọ́n ń fi aró wá a. A máa da aró sínú kòtò ìgbẹ́ tó wà nítòsí, tí omi kòtò náà bá ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sínú kànga, àwọ̀ aró náà á yọ nínú korobá. Aró tí kì í pa ènìyàn lára ni. Inú owó tí wọ́n fún un láti òkè òkun ló ti máa rà á, ó ti wà nínú ohun tí wọ́n gbà kó ṣe.

Mo ní kò tún sí kòtò tí a ń wá kiri. Ti Bàbá Delight ni. Bàbá Delight ni ọ̀gbẹ́ni tó ń gbé ní òdìkejì títì, Ayọ̀wálé ni orúkọ rẹ̀ gan-an, iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe. Sọ́kàwéè rẹ̀, ìyẹn kòtò ìgbẹ́ rẹ̀, kọjú sí kànga mi gan-an. Mo ti sọ̀rọ̀ sọ́kàwéè yẹn lọ́jọ́ tó ń gbẹ́ ẹ, ó ní kí ni òun máa ṣe. Ẹ̀yìn ilé wa ò ṣeé wọ̀, ilé ti fún mọ́ra, ọkọ̀ tó ń wá fa ìgbẹ́ kò lè kọjá títì, bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà rẹ̀ ò gùn dé ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń gbẹ́ sọ́kàwéè síwájú ilé. Ẹni tó bá gbẹ́ ti ẹ̀yìn, lọ́jọ́ tó bá kún, ó di ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Dáraolúwa ní, "Alhaja, tiyín ńkọ́ mà?"

Mo ní tèmi ti wà níbẹ̀ tipẹ́, Alhaji fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Ẹni tó wa tírélà mọ bí ọkọ̀ ńlá ṣe ń yí, òun ló dúró tó júwe fún àwọn agbẹ́lẹ̀ pé ibí ni kí ẹ gbẹ́ ẹ sí kí rọ́bà lè tó o. Ó máa ń fi yangàn nígbà yẹn pé kò sí sọ́kàwéè tó rọrùn láti fà bíi tòun ní gbogbo àdúgbò. Ìgbà tó kú ni kànga tó dé. Mo ní tiwa ò lè ṣe nǹkan kan.

Ọmọ náà ní àwọ̀ méjì lòun máa lò. Pupa fún ti Bàbá Delight, àwọ̀ ewé fún tiwa. Àwọ̀ tó bá jáde, òun ni.

Bàbá Delight gbà, ó tún ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní, "Alhaja, tí pupa bá jáde, èmi á ti tèmi pa lọ́jọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé ńkọ́?" Mo ní kò ní jáde. Wọ́n ṣí kòtò, a fi ìborùn bo imú, Dáraolúwa da aró sínú méjèèjì. Mo ti ìdérí kànga pa, mo sọ fún àwọn ènìyàn pé a ń tún un ṣe, kí wọ́n máa ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà ná. Wọ́n kùn, ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Gbogbo àsùbáà, tí mo bá ti kírun tán, màá ṣí ìdérí, màá fa omi sínú bàsíà funfun. Ó mọ́ gaara. Ọjọ́ kejì, ó mọ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀ sí i, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún wolé-wolé. Mo ti mọ ibi tí mo máa dúró, mo ti mọ bí mo ṣe máa gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

Lọ́jọ́ tó yọ, mo rò pé ojú mi ni. Mo gbé bàsíà náà kúrò lábẹ́ òrùlé, mo gbé e síta níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Àwọ̀ ewé ni. Ó ń tàn yòò bíi bàtà àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Kò sí pupa kankan nínú rẹ̀, bí mo ṣe wá a tó. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yanrìn.

Ṣé ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi gbẹ́ kòtò sí ibi tí ọkọ̀ máa rí i. Èmi gbẹ́ kànga sí ibi tí ènìyàn máa rí i. Ohun tó dáa ni kálukú wa fẹ́ ṣe, a ò sì ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n iwájú ilé kan náà la fi àwọn méjèèjì sí, a wá ń bu ìgbẹ́ ilé wa fún àwọn ènìyàn, a ń pè é ní sàárà. Mo ní, "Zubair, wo ohun tí mo ń fi ránṣẹ́ sí ọ." Mo sunkún gan-an. Mi ò sunkún tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín.

Ikram ló pe Dáraolúwa. Ohun tí mo ń retí ni pé ó máa ní òun ti sọ fún mi. Ọmọ náà wo bàsíà, ó wo ojú mi, ó sì jókòó sínú yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó jókòó tì mí títí àwọn òṣìṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọlọ́run nìkan ló lè bá mi san oore yẹn fún un.

Mo wá sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Mo ní, "Dára, tí mo bá dí kànga yìí, kò tún sí ohun tí mo ń ṣe fún ọkọ mi mọ́. Bí ẹni gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ ni."

Ó ní, "Alhaja, Kìrìsìtẹ́nì ni mí, mi ò lè purọ́ pé mo mọ nǹkan kan nípa láádá. Ẹ jẹ́ ká lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Òun ló bá mi lọ sọ́dọ̀ Alfa Abdulrauf ti mọ́ṣáláṣí wa, lẹ́yìn tó ti fi ìborùn Ikram wé orí. Ó ṣí pépà tó ya àdúgbò wa sí lé Alfa lọ́wọ́, ó fi kòtò hàn án, ó fi kànga hàn án, ó fi ọ̀nà tí omi ń gbà lábẹ́ ilẹ̀ hàn án. Alfa wò ó pẹ́. Mo ti rò pé á bú mi, ṣùgbọ́n orúkọ mi ló fi pè mí. Ó ní, "Sùwéébátù, èyí tí o ti ṣe pẹ̀lú àníyàn rere, Ọlọ́run ti gbà á. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí o ti mọ̀, tí o bá tún jẹ́ kí ẹnì kan mu ún, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Dí i." Ó wá nawọ́ sí pépà náà, ó ní, "Ìmọ̀ tó bá ń ṣe ènìyàn láǹfààní, láádá tiẹ̀ náà kì í dẹ́kun. Ọmọ mi, ibo lo máa gbé èyí dé?"

Dáraolúwa ní inú ìwé tí òun ń kọ ló máa wà, òun sì fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́lé lọ́wọ́. Alfa ní kó kọ orúkọ Alhaji síbẹ̀. Ọmọ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ò gbà bẹ́ẹ̀, wọn kì í dárúkọ ẹni tí wọ́n bá yẹ omi rẹ̀ wò kí ojú má baà tì í, wọ́n kàn máa ń fún kànga ní nọ́ńbà ni. Mo pòṣé. Mo ní ojú ti tì mí tán, kí ló kù. Mo ní kó sọ fún wọn níbẹ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ọ́, kànga Alhaji Zubair ni, kì í ṣe kànga nọ́ńbà. Ó ní òun máa bá àwọn olùkọ́ òun sọ ọ́.

Yanrìn iṣẹ́ mi la fi dí i. Àdúgbò pé síbẹ̀, àwọn kan ń bínú pé mo fẹ́ fi òùngbẹ pa àwọn. Mo gun orí búlọ́ọ̀kù, mo ní, "Ìgbẹ́ ilé mi lẹ ti ń mu. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ẹ, kó wá bù ú." Kò sí ẹni tó gbé korobá wá. Bàbá Delight ló kọ́kọ́ mú ṣọ́bìrì, kò rẹ́rìn-ín, kò fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tí yanrìn àkọ́kọ́ balẹ̀ nínú omi, mo gbọ́ ìró rẹ̀ nínú mi.

A mu omi mẹ́ruwà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù dá owó jọ, Dáraolúwa fi pépà rẹ̀ wá ibi tó jìnnà sí kòtò gbogbo ènìyàn, ní òkè àdúgbò, wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tó jinlẹ̀ síbẹ̀. Omi rẹ̀ dáa, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mu ún, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ti àdúgbò ni, kì í ṣe ti Zubair. Tí mo bá kírun àsùbáà tán, mi ò gbọ́ ìró kankan níta mọ́. Alfa ti sọ tiẹ̀, mo sì fi ẹnu gbà á. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ń ronú pé ta ni yóò ka ìwé òyìnbó ní Ìbafò.

Dáraolúwa parí ìwé rẹ̀, ó di dókítà. Ó gbé e wá fi hàn mí, ó tóbi, ó wúwo. Ó ṣí i síbi ìdúpẹ́, ó ka orúkọ ọkọ mi jáde, Alhaji Zubair Lásúnkànmí ti Ìbafò, ó sì túmọ̀ ohun tó kọ sí i fún mi. Mo gbàdúà fún un títí ohùn mi fi há. Mo gbàdúà fún àwọn òyìnbó tó sanwó rẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tí mo ti bú. Tí kì í bá ṣe owó wọn, ta ni yóò dúró lọ́dọ̀ obìnrin aláriwo bíi tèmi tó bẹ́ẹ̀, láti fi aró wá ohun tí kò fẹ́ rí? Mùízz kì bá tí sí lára àwọn tó ń sáré kiri lónìí, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i.

Ó sọ pé àwọn olùkọ́ òun ti fún òun láyè láti ya àwòrán inú ìwé náà sórí bébà ńlá, pẹ̀lú àlàyé Yorùbá, kí òun lè máa gbé e lọ sí ìpàdé àwọn onílé. Mo ní á dáa. Mi ò bi í léèrè mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wá láti Mowé wá ra búlọ́ọ̀kù. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ilé tuntun ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń kọ́. Bó ṣe jẹ́ ìṣe mi báyìí, mi kì í ta búlọ́ọ̀kù fún ẹni tí ń kọ́lé tuntun kí n má bi í ní ìbéèrè. Mo ní, "Ibo lẹ gbẹ́ kànga sí, ibo sì ni sọ́kàwéè wà?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Alhaja. A ti sún tiwa kúrò. Iwájú ni kòtò wà, a gbé kànga jìnnà lọ sí ẹ̀yìn pátápátá, a sì ti bá ará ẹ̀yìn wa sọ ọ́ kó má baà gbẹ́ tiẹ̀ kọjú sí wa. Ní ìpàdé lánlọ́ọ̀dù ni wọ́n ti fi àwòrán rẹ̀ hàn wá. Wọ́n ní Alhaji kan wà ní Ìbafò níhìn-ín nígbà kan, kànga rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ wa. Gbogbo àdúgbò wa ló ti mọ̀ ọ́n. Ìyá ọkọ mi tiẹ̀ máa ń ní, tí a bá ti fa omi àkọ́kọ́ láàárọ̀, kí a ṣàdúà fún un."

Mo yí ojú sí ibi tí búlọ́ọ̀kù wà, bí ẹni tó ń yan èyí tó dáa. Mo ní, "Báwo lẹ ṣe máa ń ṣe àdúà náà?"

Ó ní, "Èwo, Alhaja? Ti orí omi yẹn?"

Mo ní, "Òun ni."

Ó ní, "A máa ń ní kí Ọlọ́run fi Àlùjáńnà kẹ́ Alhaji Zubair."

Mo ní àmín. Mo ní kí àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó búlọ́ọ̀kù rẹ̀ sínú ọkọ̀. Mi ò sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un.